Iṣẹ́ Òǹtẹ̀ ní Kíláàsì Kẹta

Nígbàkígbà tí a bá ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti lọ dánra wò nínú iṣẹ́ olùkọ́ padà dé, ọ̀rọ̀ ìṣirò àti ti ìwé kíkà ni ó máa ń kún ẹnu wa. Ṣàṣà ni ẹni tí í sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Kì í sì í ṣe ohun ìyanu, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ ni a fi ń tu koríko àgbàlá, tàbí ni a fi ń parí ìṣirò tí kò tán ní òwúrọ̀. Èmi fẹ́ ròyìn ohun tí mo rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi kọ́ ọmọ 43 ní kíláàsì kẹta ní iṣẹ́ òǹtẹ̀, kí n sì sọ ìdí tí mo fi gbàgbọ́ pé bí a bá gba wákàtí yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn ju eré lọ.

Òǹtẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ a máa fi lu lẹ́tà, olórí ilé-ẹ̀kọ́ a sì máa fi lu ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá yí òǹtẹ̀ rọ́bà wò, ẹ óò rí i pé àwọn lẹ́tà ojú rẹ̀ yọ síta, àyè tí ó wà láàárín wọn sì rì sínú. Èyí tí ó yọ ni ó ń gba tàdáwà. Èyí tí ó rì kò gbà á, funfun ìwé ni ó sì máa ń hàn níbẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju èyí lọ. Ọmọdé pàápàá ti mọ̀ ọ́n kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe gbé garawa omi kan sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí mo ní kí wọn ti ẹsẹ̀ bọ omi, kí wọn sì rìn lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Gìgísẹ̀ hàn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ márùn-ún hàn, ṣùgbọ́n àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó kó wọlé kò hàn rárá. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Ọmọ kan dáhùn pé, “Tíṣà, ibẹ̀ kò kan ilẹ̀.” Mo ní kí gbogbo wọn tún un wí, nítorí ìdáhùn náà ni gbòǹgbò ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ohun èlò. Àwọn ìwé tí a ń kà nípa iṣẹ́ yìí a máa dárúkọ ọ̀bẹ fínfín àti ohun tí a lè fi ọ̀bẹ náà gbẹ́, tàbí kí wọn ní kí a gé ànàmọ́ sí méjì kí a fi ṣe òǹtẹ̀. Ọ̀bẹ 43 lọ́wọ́ ọmọ 43 kì í ṣe ohun tí olùkọ́ tí ó fẹ́ràn oorun òru rẹ̀ yóò gbìyànjú. Ní ti ànàmọ́ àti iṣu, oṣù kẹfà ni mo dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, nígbà tí iṣu àná ti tán nínú abà, tí iṣu tuntun kò sì tí ì jáde. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú àwọn ọmọ náà tí wọn kì í jẹun kí wọn tó wá. Kí olùkọ́ máa gé oúnjẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú ọmọ tí ebi ń pa, kí ó sì dà á nù nígbà tí aago bá lù, ẹ̀kọ́ búburú ni yóò jẹ́, bí òǹtẹ̀ náà tilẹ̀ dára. Nítorí náà mo pinnu pé ohun tí ilé ti lò tán, tàbí tí igbó fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, nìkan ni a óò lò.

Mo sọ fún wọn pé kí olúkúlùkù mú ohun kan wá tí ojú rẹ̀ kò dán. Ní ọjọ́ kejì tábìlì mi kún. Wọ́n mú àkísà àpò ìdọ̀họ wá, àti ìjá ẹní, okùn, kùùkù àgbàdo tí a ti ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kúrò, èèpo igi, ìkarahun ìgbín, kàn-ìn-kàn-ìn tí ó ti gbó, òòyà onígi tí eyín rẹ̀ ti kán, ìyẹ́ adìẹ, àti ewé oríṣiríṣi. Ọmọ ọlọ́nà kan mú ewé eépín wá, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń dán igi, ó sì kọ́ wa bí a ti ń fi ìka mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Kí a tó fọwọ́ kan tàdáwà, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan di ojú, ó ti ọwọ́ bọ inú àpò, ó sì sọ bí ohun tí ó bà ti rí, láìdárúkọ rẹ̀, kí àwọn ìyókù lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará mi, ibí yìí ni mo ti rí bí èdè wa ti jinlẹ̀ tó lẹ́nu àwọn ọmọ kékeré. Èkíní ní ó rí gbágungbàgun. Èkejì ní ó rí ṣákiṣàki bí inú ẹran. Òmíràn ní ó rí múlọ́múlọ́. Òmíràn ní ó rí págunpàgun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé òun lọ́wọ́. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sójú pátákó bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí a dé ìparí, ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún ni ó wà lójú pátákó, kò sì sí ọ̀kan tí èmi fi kọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n ń kọ àròkọ lórí ọjà, àwọn ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé wọn. Ọmọ tí ó ti máa ń kọ pé ẹja “dára” kọ ọ́ pé ìpẹ́ rẹ̀ rí ṣákiṣàki.

Bí a ti ṣe òǹtẹ̀ náà nìyí, fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò. A gé páálí sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. A fi ẹ̀kúnwọ́ láfún kan ro ẹ̀kọ tí ó ki, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládìrẹ ti ń ro tiwọn, a sì fi lẹ ohun tí olúkúlùkù bá yàn mọ́ ojú páálí: ewé, okùn, ìjá àpò, tàbí ìyẹ́. A fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a fi okùn so gbogbo wọn rọ̀ sókè kí ó di ọjọ́ kejì, nítorí eku fẹ́ràn ẹ̀kọ láfún ju bí àwọn ọmọ ti fẹ́ràn iṣẹ́ òǹtẹ̀ lọ. Ní ti tàdáwà, a gún èédú kúnná nínú odó tí a kò lò mọ́, a fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, a sì pò ó mọ́ ẹ̀kọ tí ó ṣàn díẹ̀. Èyí ni dúdú wa. Osùn ni pupa wa. A ṣẹ́ ògbólógbòó aṣọ po lọ́nà mẹ́rin sínú àwo pẹrẹsẹ, a da tàdáwà sí i, ó di tìmùtìmù fún òǹtẹ̀ tí a lè fọwọ́ mú, bí ìkarahun àti kùùkù àgbàdo. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ orí páálí kò fẹ́ kí a rì í bọ tàdáwà. Ìdì aṣọ kékeré ni kí a fi kàn án jẹ́jẹ́, kí tàdáwà má bàa ṣàn wọ ibi tí ó rì. Nígbà náà ni kí a tẹ́ ìwé lé e lórí, kí a sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á yíká láti àárín lọ sí etí. Lẹ́yìn nǹkan bí ẹ̀dà mẹ́wàá, kí òǹtẹ̀ náà sinmi kí ó gbẹ, nítorí omi inú tàdáwà ń tú ẹ̀kọ tí ó so ó pọ̀.

Ohun tí ó ń dùn mọ́ àwọn ọmọ jù ni ìgbà tí a bá ń ká ìwé náà kúrò. Gbogbo ariwo a dákẹ́. Ewé tí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, níbi tí iṣan rẹ̀ ti yọ, fi gbogbo iṣan hàn títí dé èyí tí ó tín-ín-rín bí irun. Ìjá àpò fi bí okùn ti ń gba orí ara wọn kọjá hàn. Kùùkù àgbàdo tí a yí lórí ìwé fi ilé àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, bí afárá oyin. Ẹni tí ó bá fi tàdáwà tí ó pọ̀ jù sí i a máa rí kìkì dúdú, kò sì dìgbà tí olùkọ́ bá bá a wí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti sọ fún un. Mo kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí wọn kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ń gbọ́ràn sí òǹtẹ̀ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo ní kí olúkúlùkù fi okùn ṣe lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sórí páálí. N kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún wọn. Nígbà tí a tẹ̀ wọ́n, àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, O tàbí T yọ̀, nítorí pé lẹ́tà wọn jáde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tí tiwọn jẹ́ B, F, K tàbí R figbe ta: lẹ́tà wọn ti kẹ̀yìn sí ibi tí ó yẹ kí ó kọjú sí.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, tí ó máa ń kọ lẹ́tà ní òdì. Bí ó bá kọ b, ó di d. S rẹ̀ a sì máa yíjú sí ọ̀nà tí kò tọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún un ní orúkọ ẹ̀sín kan tí n kò ní kọ síhìn-ín. Tíṣà tí ó ni kíláàsì náà ti sọ fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí n má fi àkókò mi ṣòfò lórí rẹ̀. Orúkọ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, ó sì ti fi okùn ṣe S náà gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kọ ọ́, ní òdì. Nígbà tí ó ká ìwé rẹ̀ kúrò, S náà jókòó sójú ìwé láìlábùkù. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó tún wò ó. Ọmọ tí ó jókòó tì í ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ wá wò ó, tirẹ̀ tọ̀nà!” Láìpẹ́, ọmọ mẹ́rin ti yí i ká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá àwọn kọ K àti R ní òdì sórí síléètì. Ó sì ń kọ ọ́ fún wọn láìdúró rò ó.

N kò fẹ́ sọ àsọdùn. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, nínú àpèkọ, S mẹ́ta nínú márùn-ún tí ó kọ ṣì wà ní òdì. Ṣùgbọ́n kí ó tó mú ìwé rẹ̀ wá fún mi, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó láti ẹ̀yìn, ó sì tún méjì nínú wọn ṣe. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ohun tí ó mọ̀ ni pé òun kò mọ̀wé. Nísinsìnyí ó mọ̀ pé lẹ́tà ní ojú méjì, pé ọ̀kan jẹ́ ti òǹtẹ̀, èkejì jẹ́ ti ìwé, àti pé òun lè yẹ̀ ẹ́ wò kí òun mọ èyí tí òun kọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìmọ̀ méjèèjì yìí kò kéré.

Ní àkókò yìí ni mo gbọ́ pé a ń gbèrò láti fi wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ kíláàsì kẹta kún ti ìṣirò. Àgbà tíṣà kan bi mí léèrè pé, “Ṣé eléyìí yóò wà nínú ìdánwò?” Bàbá ọmọ kan sì pàdé mi lọ́nà, ó ní, “Tíṣà, ìwé ni mo ní kí ọmọ mi wá kọ́. Ó dé ilé, èédú ni ó kún ọwọ́ rẹ̀.” N kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ti ojú ọ̀run bọ́, bàbá tí ó sì ń san án ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Mo dá bàbá náà lóhùn pé ìwé fúnra rẹ̀, ọmọ òǹtẹ̀ ni. Ní ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend tí í ṣe míṣọ́nnárì C.M.S. bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí ó ń jáde títí di ọdún 1867. Lẹ́tà òjé kéékèèké ni a tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi tẹ̀ ẹ́, ojú olúkúlùkù lẹ́tà yọ síta, gbogbo wọn sì wà ní òdì. Ẹni tí ó ń tò wọ́n ní láti mọ bí a ti ń ka ìwé ní òdì kí ẹlòmíràn tó lè kà á bí ó ti tọ́. Mo sọ fún un pé ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fi èédú ṣe kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ náà ju pé òjé ni tiwọn, okùn ni tiwa. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà bá òun sọ fún un kí ó máa fọ ọwọ́.

Ní ti olórí ilé-ẹ̀kọ́, mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá wo iṣẹ́ wa kí ó tó parí èrò rẹ̀. Ó wá ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọmọ ń fi ìkarahun ìgbín àti kùùkù àgbàdo tẹ ọnà bí ti aṣọ sójú ìwé, òǹtẹ̀ mẹ́fà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́rin lójú ìwé. Ó nàka sí ìwé ọmọbìnrin kan, ó ní, “Mélòó ni gbogbo rẹ̀?” Ọmọ náà kò kà á. Ó ní, “Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìnlélógún ni, Sà.” Olórí ilé-ẹ̀kọ́ dúró díẹ̀, ó rìn yí kíláàsì ká, ó mú ìwé méjì lọ́wọ́, ó sì wí fún mi pé, “Ó dára. Máa bá a lọ títí ìwọ yóò fi lọ.” Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí wákàtí náà lẹ́yìn tí mo bá lọ, kò sọ ọ́, n kò sì lè bi í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọmọ kan sí i. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ kọjá “Bẹ́ẹ̀ ni, Sà.” Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ó mú àkúfọ́ igbá fínfín wá, irú èyí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n fín. Ó ní ìyá bàbá òun ni ó ni ín kí ó tó fọ́. A fi ìdì aṣọ kan osùn mọ́ ọn, a sì fi ìwé rírọ̀ lé e lórí. Ibi tí ọ̀bẹ onífínfín ti kọjá jáde ní funfun, ibi tí kò kàn jáde ní pupa, ọnà náà sì pé pérépéré. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí igbá náà ti tóbi tó kí ó tó fọ́, àti ohun tí ìyá àgbà máa ń bù sí i. Mo sọ fún wọn pé ní ilẹ̀ Ashanti, ní Ghana, ara igbá ni wọ́n ti ń gbẹ́ òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ adinkra. Mo sọ fún wọn pẹ̀lú pé àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ń gé fóòmù ní òǹtẹ̀, wọ́n ń tì í bọ àbẹ́là yíyọ́, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ kí wọn tó rì í sínú aró. Níbẹ̀ ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀, nítorí pé ibi tí òǹtẹ̀ bá kàn ni aró kò ní mú. Ìjíròrò tí èyí fà láàárín àwọn ọmọ náà gba gbogbo ìyókù wákàtí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn kan nínú yín yóò sọ pé àwọn kò mọ àwòrán yà. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n yà, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì kíláàsì mi. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí iṣẹ́ òǹtẹ̀ fi dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a fún ní pẹ́ńsù kí ó ya ewé a máa wo ti ẹnìkejì, a sì sọ pé ọwọ́ òun kò tọ́. Ṣùgbọ́n ewé tí ó tẹ òǹtẹ̀ ara rẹ̀ kò lè purọ́ mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ní ìgboyà láti yan, láti tò, àti láti tún ṣe. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ó parí sí ọwọ́ ọmọdé. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, tí òkìkí òǹtẹ̀ rẹ̀ kàn dé òkè òkun, olùkọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní St. Gregory's College ní Èkó. Òun ni ó ṣe àwòrán inú ìwé tí Wole Soyinka fi túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 1968.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú, kí ó pín kíláàsì rẹ̀ sí mẹ́ta: kí àwọn kan máa fi tàdáwà kan òǹtẹ̀, kí àwọn kan máa tẹ̀, kí àwọn kan máa sá ìwé sórí okùn, kí wọn sì máa pààrọ̀. Kí ó toju omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà, nítorí àwọn bàbá. Kí ó má sì ṣe ju ìwé tí kò dára nù. Kí ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó dára, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Láìpẹ́, kíláàsì yóò di tiwa, àwa ni a óò sì máa sọ ohun tí a óò fi wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Nígbà tí a bá bi wá bóyá yóò wà nínú ìdánwò, kí a rántí pé ọmọ kan lè wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí ohun gbogbo tí ó mọ̀ wà ní òdì, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò fún un ní òǹtẹ̀.